Màlúù Tí Wọ́n Ti Gún Lábẹ́rẹ́

Ọkọ mi kì í ra màlúù aláìsàn. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á, nítorí pé lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, àwọn kan nílùú Ìgbó-Ọrà ń sọ ọ́ kiri pé ojúkòkòrò ló sún un débẹ̀. Irọ́ ni. Alápatà ni, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ní Tápà, ìlú tó wà nítòsí wa, ló ti kọ́ ọ, kò sì sí àbùkù tí ojú rẹ̀ kì í rí lára màlúù tó bá dúró níwájú rẹ̀. Á wo imú, á wo ojú, á fọwọ́ pa á ní ìbàdí, á ní kí Fúlàní tó ni ín dà á síwá sẹ́yìn. Èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Èmi tí mo jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi nílé ni mo máa ń bínú pé ó ti pẹ́ jù.

Èyí tó rà yẹn, ó mọ̀ pé ara rẹ̀ kò dá. Ohun tó jẹ́ kó rà á ni pé wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́.

Ó yẹ kí n sọ bí abẹ́rẹ́ ṣe rí lójú wa nígbà náà. Kò tíì pẹ́ tí àwọn mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí gba apá ọ̀tún títì. Àwọn dírẹ́bà ọ̀nà Ẹ̀rúwà ṣì máa ń gbàgbé, wọ́n á sì dúró láàárín títì máa bú ara wọn. Hóró oògùn, ti ọmọdé la kà á sí. Oògùn olómi inú ìgò, ti ikọ́ ni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì, òun ni oògùn àgbà. Ọkùnrin kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìdèrè, ó so àpótí kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà. A kò mọ ibi tó ti kọ́ṣẹ́, a kò sì bi í. Bí inú bá ń run ọ́, á gún ọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá wú, á gún ọ. Ìgò pẹnisílíìnì kékeré kan ló máa ń pín yí agboolé ká, tí kálukú á gba díẹ̀, tí inú gbogbo wa á sì dùn. Bí abẹ́rẹ́ náà bá ṣe dunni tó la fi ń mọ bó ṣe lágbára tó. Èyí tí kò bá mú èèyàn tiro, a ní omi lásán ni.

Àwọn Fúlàní tó ń da màlúù lọ́nà Igangan náà ti mọ adùn rẹ̀. Wọ́n ń ra pẹnisílíìnì, wọ́n sì ń gún màlúù fúnra wọn, díẹ̀ fún èyí, díẹ̀ fún tọ̀hún, ìgbàkígbà tí ọ̀kan bá ti ń wúkọ́ tàbí tó kọ koríko sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Fúlàní tí ọkọ mi ti ń bá ra màlúù láti ọjọ́ pípẹ́ sọ fún un pé ọ̀kan ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n òun ti gún un lánàá, òun sì tún gún un láàárọ̀ yẹn, ọkàn ọkọ mi balẹ̀. Bó ṣe rò ó, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi, nìyí: àìsàn tó wà nínú màlúù náà, abẹ́rẹ́ ti pa á, ohun tó kù, ẹran ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kan tilẹ̀ wà tó ń bèèrè irú ẹran bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti jẹ ẹran, ó sì ti gba abẹ́rẹ́ láìtiro. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu.

Màlúù náà ṣubú kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń dà á lọ. Ọkọ mi dúńbú rẹ̀ kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀, bó ti yẹ. Ó sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń ṣàn ṣáá, kò sì dì. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní abẹ́rẹ́ ló sọ ọ́ di omi. Ó bó awọ rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ ọrùn wá sílé nítorí pé ẹran ti kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo se nínú ẹran náà, mo sè é pẹ́ bí a ti máa ń se ẹran màlúù Fúlàní, èmi àti àwọn ìbejì mi sì jẹ ẹ́. Kò ṣe wá ní nǹkan kan. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ń ṣe ni mo máa ń wá ibi jókòó sí.

Ohun tó kọ́kọ́ yọ sí ọrùn ọkọ mi kò ju ibi tí ẹ̀fọn jẹ lọ. Ó ń yún un, ó ń họ ọ́. Lẹ́yìn náà ó léròrò, omi dúró sínú rẹ̀, ó bẹ́, àárín rẹ̀ sì dúdú bí èédú. N kò rí irú rẹ̀ rí. Eéwo ọrùn kì í jẹ́ kéèyàn lè yíjú wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èyí, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ọkọ mi kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní kò dun òun rárá. Nítorí pé kò dùn ún, ó ń lọ sí ọjà, ó ń ṣán ẹran, ó ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà. Mo ní kó sinmi, ó ní kí n lọ rán aṣọ mi. Mo sọ̀rọ̀ sí i gan-an lọ́jọ́ náà, n kò sì ní sọ ohun tí mo sọ síbí.

Nígbà tí ọrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí wú, oníkẹ̀kẹ́ ará Ìdèrè gún un. Ó tiro wọlé, inú wa sì dùn. Lọ́jọ́ kejì, wíwú náà ti dé àgbọ̀n, ó sì ti ń sọ̀ wá sí àyà. Oníkẹ̀kẹ́ tún gún un. Ara rẹ̀ wá gbóná, ojú rẹ̀ wọ inú. Nígbà tí ọkùnrin náà tún ṣí àpótí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kó pa á dé, kó gbé e, kó máa lọ. Mo wá mọ́tò gbé ọkọ mi lọ sí ọsibítù.

Dókítà tó wà níbẹ̀ kò dàgbà púpọ̀. Ará Ìbàdàn ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó jọ ẹni tí kì í rí oúnjẹ jẹ lásìkò. Kó tó wo ọrùn náà dáadáa, ó bèèrè iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe. Mo ní alápatà ni. Ó wá bi ọkọ mi bóyá ojú egbò náà ń dùn ún, ọkọ mi ní rárá. Mo rí i tí ojú dókítà yí padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, bí aláìsàn bá ní kò dun òun, a máa ń dúpẹ́ ni. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹni tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà. Ó bèèrè ibi tí màlúù ti wá, ó bèèrè gbogbo ẹni tó jẹ nínú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú ẹran fún ìjọba. Ó fi òwú kan etí egbò náà, ó sì gbé òwú náà lọ fúnra rẹ̀, kò fún nọ́ọ̀sì.

Ó wá ní àìsàn màlúù ni, pé ó máa ń ti ara awọ àti ẹ̀jẹ̀ ran ènìyàn, ó sì máa ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kì í bá pẹnisílíìnì jiyàn. Ojúlówó ni wọ́n gún un níbẹ̀, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ ti oníkẹ̀kẹ́. Odindi ìgò ni, wọ́n sì ń tún un gún. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé ó ti bọ́.

Kò bọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọrùn ọkọ mi àti orí rẹ̀ ti di ọ̀kan náà, ó ń mí pẹ̀lú ariwo tí mo ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Dókítà dé, ó dúró tì í díẹ̀, ó lọ, ó sì padà wá. Ó ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró. Ó ní kápúsù ni ọkọ mi yóò máa lò.

Ìyá ọkọ mi ti dé láti Tápà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì mú kápúsù náà wá, pupa lápá kan, àwọ̀ ìyeyè lápá kejì, wọ́n dìde. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun la máa ń ra ní ẹyọ ẹyọ lọ́jà, tí à ń ṣí, tí à ń da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí ojú egbò ọmọ tó bá ṣubú. Kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún ọkùnrin tí èémí fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kí wọ́n wá gbé oògùn orúnkún ọmọdé fún un? Wọ́n fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyàwó, wọ́n ti fi ọmọ mi sílẹ̀," wọ́n ní. "Wọn ò kàn fẹ́ sọ fún wa ni. Mo ti bá onílọ́rì sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n gbé e lọ sílé, kó wà níbi tí mo bí i sí."

Èmi náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo lọ bá dókítà, mo sì la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún un. Mo bi í pé irú dókítà wo ló ń fi ńlá sílẹ̀ lọ mú kékeré. Mo ní bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló tán ní ọsibítù, kó sọ, a ó lọ rà á. Mo rò pé yóò bínú, bí àwọn dókítà ṣe máa ń bínú. Ó kàn nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ tẹ̀ lé mi."

Yàrá kótópó kan wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń pè ní láàbù. Ó gbé àwo pẹlẹbẹ kan jáde, onígíláàsì, tí wọ́n fi pílásítà lẹ ọmọrí rẹ̀ pa yíká. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án. Nǹkan kan dì sínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ. Ó ní oúnjẹ tí kòkòrò àìfojúrí máa ń jẹ ni, àti pé òun ti fi òwú tó kan ọrùn ọkọ mi ra á lójú. Ó ní nígbà tí òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Nísinsìnyí, ó ti hù kún.

Mo ti ń gbọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí láti ilé ìwé, èrò mi sì ni pé ohun tí ojú kò bá lè rí, ó ti parí síbẹ̀ nìyẹn. Èyí tó wà níwájú mi funfun, ó rú díẹ̀, etí rẹ̀ sì lọ́ mọ́ra bí ìdọ̀tí òwú tí mo máa ń gbá nídìí máṣíìnì mi. Bébà róbótó mẹ́ta wà lórí rẹ̀, kò ju bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Dókítà ní gbogbo oògùn tó wà ní ọsibítù náà tó lè bá irú kòkòrò yìí jà nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú bébà kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti hóró oògùn funfun tí nọ́ọ̀sì máa ń pín fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nǹkan náà sì ti hù yí i ká. Ó wá nàka sí èkejì.

"Pẹnisílíìnì ló wà nínú èyí," ó ní. "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jẹun."

Mo wò ó. Ó hù dé etí bébà náà, ó tilẹ̀ fẹ́ gun orí rẹ̀. Lára ẹ̀kẹta, ó yàtọ̀: ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ roboto, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó lè súnmọ́ ọn. Kápúsù tí à ń dà sí orúnkún ọmọdé ló wà nínú rẹ̀.

Orí mi wú. Oògùn tí gbogbo wa fọkàn tán, tí àwọn àgbààgbà ọkùnrin ń tiro nítorí rẹ̀, ohun tí kò tó kí ojú rí i jókòó tì í, ó ń jẹun. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Nǹkan náà jọ mí lójú. Mo fẹ́ bú u nítorí ohun tó ń ṣe sí ọkọ mi, ẹnu mi kò gbà á.

Mo bi dókítà pé ta ló kọ́ wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ó ní bí oògùn bá wọlé ní díẹ̀díẹ̀, àwọn tí kò lágbára á kú, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣoṣo bá wà tó ní nǹkan kékeré kan lára tó lè ba oògùn náà jẹ́, ìyẹn kò ní kú. Àyè á gbà á, á máa bímọ, gbogbo ọmọ rẹ̀ á sì jogún nǹkan náà. Kí obìnrin tó se ẹ̀wà jinná, wọ́n á ti bímọ, ọmọ á sì ti bímọ. Ó ní kò dájú ibi tí ti ọrùn ọkọ mi ti jogún tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ya òun lẹ́nu bó bá jẹ́ inú àwọn màlúù tí wọ́n ń gún díẹ̀díẹ̀ yẹn. Ó ní nínú àìsàn yìí, ó ṣọ̀wọ́n, ìwé ni òun ti kà á, òun kò fojú ara òun rí i rí. Mo rí i pé ó ya òun náà lẹ́nu bó ti ya èmi.

Ó jẹ́ kí n wo inú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Mo rí wọn bí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so orí mọ́ ìdí, lọ títí. Ó ní bí oúnjẹ wọn bá tán, wọn kì í kú bí ohun ẹlẹ́mìí yòókù. Wọ́n á ká ara wọn kò bí irúgbìn, wọ́n á wọnú erùpẹ̀, oòrùn kò ní pa wọ́n, ọ̀gbẹlẹ̀ kò ní pa wọ́n, wọ́n á sì wà níbẹ̀ títí àwọn ìbejì mi á fi ní ọmọ-ọmọ. Lọ́jọ́ tí màlúù bá wá jẹ koríko ibẹ̀, wọ́n á jí. Mo ronú kan gbogbo oko tó wà láti ibí dé Igangan, ibi tí à ń kọ ebè sí, tí à ń fi ọwọ́ lásán hú iṣu. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Nígbà tí mo jáde, ìyá ọkọ mi ti di ẹrù wọn. Onílọ́rì ti dúró ní ìta. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé àwo onígíláàsì fún wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní ohun tó wà lọ́rùn ọmọ wọn ti bá pẹnisílíìnì gbé pẹ́, pé ó ti mọ̀ ọ́n tán, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Mo ní mo fi ojú mi méjèèjì rí i.

"Kápúsù yẹn ńkọ́," wọ́n bèèrè, "ṣé kò tíì mọ ìyẹn?"

Mo ní kò tíì mọ̀ ọ́n.

"Kí wọ́n tètè fún un nígbà náà," wọ́n ní, "kó tó mọ̀ ọ́n."

Wọ́n lọ sọ fún onílọ́rì pé kó máa lọ. Ọ̀fun ọkọ mi kò gba kápúsù, nítorí náà ìyá rẹ̀ ló ń ṣí i, wọ́n ń pò ó mọ́ omi sínú ṣíbí, à ń kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó korò, ojú rẹ̀ ń hunjọ, ṣùgbọ́n ó ń gbé e mì. Ẹ̀ẹ̀kan, mo rí i tí ìyá ń wo ìyẹ̀fun tó kù lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ń wo ojú egbò náà. Mo gba ọwọ́ wọn mú, mo sì da èyí tó kù náà sínú ṣíbí.

Ojú egbò náà ń fẹ̀ sí i. Ó ń dúdú sí i pàápàá, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń mi orí. Dókítà ní kí a má wo ibẹ̀ rárá, pé awọ tó ti kú ni, yóò wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà kòkòrò ṣì wà níbẹ̀ o, yálà kò sí mọ́. Ó ní ọrùn ni kí a máa wò, kí a sì máa gbọ́ èémí rẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, kí wọ́n ní kí ẹ má wo ohun kan ṣoṣo tí ojú yín ń rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ pọn omi. Bí mo ti ń bọ̀, tí mo dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, n kò gbọ́ ariwo mímí rẹ̀ mọ́. Gáálọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré wọlé, mo rò pé ó ti kú, mo ti la ẹnu láti ké. Ó ń sùn ni. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ sì ti tún yàtọ̀ sí ọrùn. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, omi ń dà lójú wọn, wọ́n sì fi ìka lé ètè pé kí n má jí i. Nígbà tó jí, ó ní ọrùn ń dun òun. Mo bú sẹ́rìn-ín, ó sì bínú sí mi.

Àwọn tó ń tọ́jú ẹran fún ìjọba lọ sí ọ̀nà Igangan. Wọ́n sun awọ tó kù, wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn sin ìyókù, wọ́n sì gún gbogbo màlúù àdúgbò náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tó máa ń dènà àìsàn kó tó dé. Fúlàní náà wá kí ọkọ mi. Ó pàdánù màlúù mìíràn lẹ́yìn èyí tí ọkọ mi rà, ó sì fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ èyí tó yé mi fún un. Ó bi mí bóyá ohun tó wà nínú ilẹ̀ náà máa ń gbọ́ nǹkan tí à ń sọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí a máa lọ sílé, èépá dúdú náà ti bọ́, àpá rẹ̀ sì pupa lábẹ́ etí ọkọ mi. Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ó ń fọ ọwọ́. Ohun kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí mo ti rí àwo náà, mo sì bi í.

"Ẹ dákun, bó bá jẹ́ pé ó ti mọ kápúsù náà ńkọ́?"

Ó ti ẹ̀rọ omi pa.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "òun ló kẹ́yìn nínú èyí tí a ní."

Mo padà lọ bá ọkọ mi. Ó ti wọ bàtà, ó ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn lórí ẹ̀kọ tí wọ́n fún un jẹ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì mú un jáde. Láyé ìgbà yẹn, obìnrin kì í di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú ní títì ní Ìgbó-Ọrà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ ọjà ni. Ó rọra bi mí pé kí ni àwọn ènìyàn yóò sọ. N kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi dé ilé.